Báwo ni mo ṣe lè dín ọ̀rẹ́ Facebook kù láìdá ìjà sílẹ̀?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. 5,000 ọ̀rẹ́ ni Facebook fàyè gbà, tèmi sì ti kún dẹ́nu; ojúlùmọ̀ tòótọ́ inú wọn ò tó 150. Favorites (àwọn tí mo yàn kí ọ̀rọ̀ wọn máa kọ́kọ́ hàn sí mi) gba 30 péré, ìyẹn rọrùn. Unfollow ń gbé ọ̀rọ̀ ẹni kúrò lójú mi, ṣùgbọ́n kò dín iye kù, ààyè ò sì ní ṣí fún ẹni tuntun. Unfriend, ìyẹn yíyọ ẹni kúrò lára ọ̀rẹ́, ló ń ṣe é. Facebook kì í fi tó onítọ̀hún létí, àmọ́ tó bá wo ojú ìwé mi, á rí i (ẹ gbà mí lọ́wọ́ àwọn àna!). Ṣé ẹ mọ ọ̀nà tí mo fi lè yọ ọ̀pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, láìfi ọ̀rọ̀ aṣínà mi lé ẹ̀rọ àjèjì lọ́wọ́? Àwọn wo lẹ máa kọ́kọ́ yọ?