Ọta mi ń rìn kiri lórí páálí: ṣé skóòpù ni kí n pààrọ̀ ni, àbí òrùka tó dì í mú?

Ọmọ Ọdẹ Ìgbò-Ọrà
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin àgbà ọdẹ. Texas ni mo wà. Mo ra ìbọn Remington 700 àlòkù kan, ọta .308 ló ń yìn, oníbọ́ọ̀tì kúkurú (bọ́ọ̀tì ni irin tí a ń fà, tí a sì ń tì kí ọta lè wọlé). Skóòpù 3-9x50, awò ìwòran orí ìbọn, ni mo rà sí i (ó ń mú nǹkan tóbi ní ìlọ́po mẹ́ta sí mẹ́sàn-án, awò iwájú rẹ̀ sì fẹ̀ ní milimítà 50), ọ̀pá rẹ̀ jẹ́ ínṣì kan. Òrùka pẹlẹbẹ ni mo kọ́kọ́ rà, ni ẹnu skóòpù bá jókòó lé ọ̀pá ìbọn gbáà. Mo dá a padà, mo ra òrùka àárín pẹ̀lú ìjókòó alápá méjì, irin tí òrùka ń jókòó lé lórí ìbọn, tí owó rẹ̀ ò ga. Mo fi alẹ́ńkì dì í títí àtẹ́lẹwọ́ fi ń ta mí.

Sátidé tó kọjá mo gbé e lọ sí pápá ìdánrawò, 100 yáàdì. Ọta àkọ́kọ́ bọ́ sí òsì. Mo yí skóòpù díẹ̀, ìkejì gba òkè lọ. Ìkẹta, n ò fọwọ́ kan nǹkan kan, ó já wálẹ̀ ní ínṣì mẹ́rin. Ogún ọta ni mo yìn tán, kò sí méjì tó bára wọn gbé. Bàbá mi fi ṣakabùlà àti iná kábáàdì pa etu lóru, èmi tí mo ní awò lórí ìbọn ò lè ba páálí lọ́sàn-án gangan.

Ṣé kí n ra skóòpù tó wọ́n ju èyí lọ ni? Sátidé àkọ́kọ́ oṣù Kọkànlá ni wọ́n ń ṣí ìgbẹ́ àgbọ̀nrín lápá àríwá níbí, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù. Ẹ dákun. Bọ́ọ̀tì ìbọn náà tún ń le díẹ̀ tí mo bá fẹ́ tì í, àmọ́ mo rò pé epo ló fẹ́.

Àkàndé Houston
Àrìnpa o, àbúrò. Fi owó ẹ sápò ná. Nínú ìbọn mẹ́wàá tí wọ́n bá ní skóòpù rẹ̀ ti bàjẹ́, èmi ò tíì rí méjì tó jẹ́ skóòpù lóòótọ́. Ohun tó dì í mú ni. Di ìbọn náà mú, fi ọwọ́ kejì gbo skóòpù sọ́tùn-ún sósì. Ṣé ó mì?

Ọmọ Ọdẹ Ìgbò-Ọrà
Kò mì rárá, ẹ̀gbọ́n. Ó le bí òkúta.

Ọdẹ Ṣakí
Ẹ̀yin ará òkè òkun ẹ kú ìnáwó o. Tiwa níbí, ojú ni skóòpù, èjìká ni òrùka.

Bàbá Sọjí
Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀tì tí o fi sẹ́yìn bí ẹni tó fẹ́ gbàgbé un, ibẹ̀ ni àìsàn wà. Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀ sí í le? Ṣé kì í ṣe ọjọ́ tí o de ìjókòó yẹn?

Jẹ́ kí n ṣàlàyé. Súkúrù kéékèèké mẹ́rin ló de ìjókòó mọ́ orí ìbọn, méjì níwájú, méjì lẹ́yìn. Ihò tí wọ́n ń wọ̀ yẹn ò jìn. Abẹ́ àwọn ti iwájú ni ìdí ọ̀pá ìbọn wà, ibẹ̀ náà sì ni etí bọ́ọ̀tì ti ń yí láti tì. Bí súkúrù bá fi díẹ̀ gùn jù, orí irin tó wà nísàlẹ̀ ni ẹnu rẹ̀ máa dúró sí. Lọ́wọ́ ìwọ tó ń di í, ó ti le. Àmọ́ irin ìsàlẹ̀ ló ń tì, kò fa ìjókòó mọ́ra rárá. O gbo skóòpù, kò mì. Yìn ín lẹ́ẹ̀kan, agbára .308 á sún un díẹ̀. Yìn ín lẹ́ẹ̀kejì, á tún sún síbòmíràn. Ohun tí páálí ẹ ń sọ nìyẹn.

Yọ ọta kúrò, yẹ ihò ọta wò lẹ́ẹ̀mejì. Yọ bọ́ọ̀tì. Tú gbogbo ẹ̀, kí o sì wo ẹnu súkúrù iwájú dáadáa. Bí o bá rí ibi tó ń dán bíi pé ẹnì kan fi irin họ ọ́, o ti mú olè.

Ohun kan tún kù. Orí Remington 700 ò dọ́gba, iwájú rẹ̀ ga ju ẹ̀yìn lọ, ìdí nìyẹn tí apá ìjókòó ẹ̀yìn fi ń nípọn ju ti iwájú. Wò ó bóyá o ò gbé wọn fún ara wọn.

Ìyá Ìbejì Dallas
Ẹ ṣeun, Bàbá. Ọ̀gbẹ́ni, ìwọ̀n òrùka yẹn náà ò yé mi. Ẹnu skóòpù 50 náà, tí o bá fi irin ìta rẹ̀ kún un, ó máa ń tó milimítà 57. Òrùka àárín ilé-iṣẹ́ kan lè jẹ́ òrùka gíga ilé-iṣẹ́ mìíràn, nítorí àwọn kan ń wọ̀n ọ́n títí dé àárín ọ̀pá skóòpù, àwọn mìíràn sì ń wọ̀n ọ́n dé ìsàlẹ̀ rẹ̀. Nọ́ńbà ni kí o kà, má ka orúkọ. Bí owó bébà tí o ṣẹ́ sí méjì bá lè kọjá láàárín ẹnu skóòpù àti ọ̀pá ìbọn láìhá, ó tó. Má jẹ́ kó ga ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ti ṣe é rí: ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ò kan igi ìbọn mọ́, mo wá ń na ọrùn bí àgùnfọn.

Kí o sì ṣọ́ ojú ẹ. Jẹ́ kí àyè tó ínṣì mẹ́ta àbọ̀ wà láàárín ojú àti awò. Èmi ní àpá lórí ìpéǹpéjú nítorí ọjọ́ kan ṣoṣo tí mo sún mọ́ ọn jù.

Àkàndé Houston
Má sì fi alẹ́ńkì lásán dì í mọ́ o. Ra torque wrench kékeré, irinṣẹ́ tó ń sọ bí súkúrù ṣe le tó, èyí tó ń ka ínṣì-páùn. Ti ìjókòó, bíi 20. Ti orí òrùka, 15 sí 18. Bí ìwé tó bá a wá bá sọ nọ́ńbà mìíràn, ti ìwé ni kí o tẹ̀ lé. Ọ̀pọ̀ ló ti fún ọ̀pá skóòpù wọn lọ́rùn nítorí wọ́n rò pé bó ṣe le tó ló dára tó. Fi spírítì nu epo kúrò lára súkúrù àti ihò, kí o fi gọ́ọ̀mù aláwọ̀ búlúù tí kì í jẹ́ kí súkúrù tú díẹ̀ sí gbogbo súkúrù.

Bàbá Sọjí
Gbogbo kẹ̀? Ti ìjókòó nìkan o. Gọ́ọ̀mù tútù máa ń yọ̀ bí epo, súkúrù orí òrùka á kọjá ìwọ̀n kí torque wrench tó sọ̀rọ̀.

Àkàndé Houston
Bàbá, ọdún mẹ́jọ nìyí tí mo ti ń fi sí ti òrùka, skóòpù mi ò fọ́.

Bàbá Sọjí
Orí ẹ ló ń gbè ọ́.

Ọmọ Ìgbò-Ọrà, nígbà tí o bá ń gbé òrùka lé ìjókòó, tì í síwájú kí irin ìsàlẹ̀ rẹ̀ fara ti ògiri iwájú kòtò tó wà lórí ìjókòó kí o tó dì í. Ìbọn ló ń ta sẹ́yìn. Skóòpù fẹ́ dúró síbi tó wà, iwájú ló máa ń sá sí. Yẹ kòtò náà wò pẹ̀lú. Kòtò ìjókòó irú Weaver fẹ̀ ní ínṣì 0.180, ti irú Picatinny 0.206. Òrùka Weaver á wọ Picatinny. Òrùka Picatinny ò ní wọ Weaver, má fi tipátipá.

Ọmọ Ọdẹ Ìgbò-Ọrà
Ẹ̀yin èèyàn mi! Mo ti tú u. Súkúrù mẹ́rin náà ò gùn bákan náà, mo tò wọ́n sórí tábìlì kí n tó mọ̀. Èyí tó gùn jù ni mo dè síwájú pátápátá, ẹnu rẹ̀ sì ti họ, ó ń dán yinrin bí eyín tuntun. Mo gbé e lọ sẹ́yìn níbi tí ìwé ní kó wà. Bọ́ọ̀tì wọlé wọ̀ọ̀, kò le mọ́. Ìwé náà wà nínú páálí tí ìjókòó bá wá láti ọjọ́ yìí o, n ò kà á.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé àgbélébùú inú skóòpù ò wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan?

Ìyá Ìbejì Dallas
So òkúta mọ́ okùn, fi kọ́ igi lọ́ọ̀ọ́kán. Mú ìbọn dúró gún, kí o yí skóòpù títí ìlà rẹ̀ á fi bá okùn náà lọ. Di súkúrù òrùka díẹ̀díẹ̀, ọ̀tún, òsì, kí àlàfo ẹ̀gbẹ́ méjèèjì dọ́gba.

Nígbà tí o bá dé pápá, má sáré sí 100. Bẹ̀rẹ̀ ní 25 yáàdì. Yọ bọ́ọ̀tì, gba inú ọ̀pá ìbọn wo àmì, kí o wá yí skóòpù títí tòun náà á fi wo ibẹ̀. Skóòpù tó ń ta kẹ́ẹ́ ní ìdámẹ́rin nígbà tí o bá ń yí i, kẹ́ẹ́ mẹ́rin ló ń sún ọta ní ínṣì kan ní 100 yáàdì. Ní 25, mẹ́rìndínlógún ni.

Ọmọ Ọdẹ Ìgbò-Ọrà
Mo dé láti pápá. Ọta mẹ́ta, 100 yáàdì, ínṣì kan àbọ̀ ló gba gbogbo wọn. Mo tún yìn mẹ́ta mìíràn kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé oríire ni. Ibì kan náà. Skóòpù tí mo fẹ́ jù nù rèé o.

Bàbá Sọjí
Ó káre. Fi kálà funfun fa ìlà tín-ín-rín láti orí súkúrù kọjá sára òrùka. Bó bá yí lọ́jọ́ kan, ìlà á ti já kí o tó yìn ín.

Ìyá Ìbejì Dallas
Itan ọ̀tún àgbọ̀nrín náà ni tèmi.

Ọmọ Ọdẹ Ìgbò-Ọrà
Ẹ jẹ́ kó kú ná, mà.