Ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí jáàmù gígùn àwọn onírọ́ọ̀kì yìí

Ẹ kú ilé o. Orin Grateful Dead, ẹgbẹ́ onírọ́ọ̀kì Amẹ́ríkà yẹn, dùn mọ́ mi gan-an, àmọ́ jáàmù wọn, ìyẹn ibi tí wọ́n ti máa ń pa orin tì lórí ìtàgé tí gìtá á kàn máa rìn kiri, ló ń dà mí láàmú. Ẹ wo "Dark Star" ná, èyí tí wọ́n gbé jáde ní 1968 ò tó ìṣẹ́jú 3, tinú Live/Dead, àwo tí wọ́n gbà sílẹ̀ lórí ìtàgé, ti 1969 wá lé ní ìṣẹ́jú 20! Kí ni wọ́n ń wá níbẹ̀?

Mo ti gbìyànjú láti máa tẹ̀lé báàsì Phil Lesh nìkan, torí báàsì ẹ̀ kì í dúró sójú kan, ṣe ló máa ń dá gìtá Jerry Garcia lóhùn bí ẹni pé àwọn méjèèjì ń jiyàn, ìyẹn sì ràn mí lọ́wọ́ díẹ̀, àmọ́ tó bá ti di pé onílù méjèèjì nìkan ló kù, tí wọ́n tún wá bọ́ sínú apá tí wọ́n ń pè ní Space tí ò ní ìlù tí ò ní orin, kí n má parọ́, mo máa ń fò ó ni.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ṣeré, báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀ pé ó ti tó, ẹ jẹ́ ká padà sórin? Ṣé ojú ni wọ́n fi ń bára wọn sọ̀rọ̀ ni, àbí ẹnì kan á rọra ta ohùn orin yẹn káwọn tó kù tẹ̀ lé e? Àbí kí n kọ́kọ́ lọ gbọ́ Allman Brothers, ẹgbẹ́ onírọ́ọ̀kì míì tó máa ń ṣe jáàmù, nínú àwo tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní gbọ̀ngàn Fillmore East ní 1971 ná, torí ìlù tiwọn ṣeé dì mú?

Ẹ má sáà ní kí n lọ mu nǹkan kan kó tó yé mi o.