Láti Ilé-Ifẹ̀ sí Àbújá: ṣé Alákíà ni kí a ti wọ bàálù, àbí Àkúrẹ́?

Ará Lágere: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo fẹ́ mú ìyá mi lọ sí Àbújá, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ wọn máa ń wú tí wọ́n bá jókòó pẹ́ nínú mọ́tò. Pápákọ̀ òfurufú méjì ló wà nítòsí wa, ti Ìbàdàn ní Alákíà àti ti Àkúrẹ́. Lójú àwòrán ilẹ̀, Àkúrẹ́ ló sún mọ́ Àbújá jù. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni ọ̀nà òfurufú méjèèjì ṣe jìn tó, báwo sì ni bàálù yóò ṣe pẹ́ tó lójú ọ̀run?

Oníwọ̀n: Tí a bá fa ìlà tààrà, nǹkan bí 405 kìlómítà ni Alákíà sí pápákọ̀ Àbújá, ti Àkúrẹ́ sì jẹ́ nǹkan bí 290. Ìyàtọ̀ yìí tó ohun tí ènìyàn ń rò lẹ́ẹ̀mejì tó bá jẹ́ mọ́tò ló fẹ́ wọ̀, ṣùgbọ́n bàálù jẹ́ẹ̀tì tó ti gòkè tán lè sáré tó 800 kìlómítà ní wákàtí kan, kò sì ní lò ju ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án lọ láti jẹ ẹ́ tán.

Ẹ má wulẹ̀ pín 405 sí 800 kí ẹ wá máa retí ìdajì wákàtí o. Bàálù yóò kọ́kọ́ rọra rìn dé ojú ọ̀nà tí yóò ti gbéra, yóò máa gòkè díẹ̀díẹ̀, kò sì ní pẹ́ tí yóò tún bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀, nítorí náà ìṣẹ́jú díẹ̀ péré ló fi ń sá eré tó le jù náà. Àwọn tó ń darí ọkọ̀ lójú òfurufú sì lè ní kó yípo kó tó balẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nǹkan bí wákàtí kan ni wọ́n sábà máa ń kọ sórí tíkẹ́ẹ̀tì, ì báà jẹ́ Ìbàdàn tàbí Àkúrẹ́.

Ọmọ Ọ̀bókun, Iléṣà: Ẹ̀gbọ́n ti yanjú ti òkè, orí ilẹ̀ gan-an ni ẹsẹ̀ màmá yóò ti wú. Láti Ifẹ̀, ẹ ó gba Gbọ̀ngán àti Ìkirè, ẹ ó sì kan Alákíà kí ẹ tó wọ àárín ìgboro Ìbàdàn rárá. Ní ti Àkúrẹ́, ẹ ó kọjá lọ́dọ̀ wa, ẹ ó gba Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà àti Ìgbàrà-Òkè, síbẹ̀ òdìkejì ìlú ni pápákọ̀ wọn wà, lápá ibi tí a ń gbà lọ sí Ọ̀wọ̀. Èmi tí mo wà ní Iléṣà, Àkúrẹ́ ni mo máa ń lọ. Ká ní Ifẹ̀ ni mo ń gbé, Alákíà ni ǹ bá forí lé. (Ti Ìdó-Ọ̀ṣun tí ì bá rọ gbogbo wa lọ́rùn, ojú wa ṣì wà lọ́nà.)

Ará Lágere: Ẹ ṣé púpọ̀. Oṣù Ṣẹẹrẹ la fẹ́ lọ. Ṣé ọyẹ́ kò ní dí wa lọ́wọ́?

Oníwọ̀n: Ó lè dí yín lọ́wọ́. Kì í fi bẹ́ẹ̀ kún àkókò tí bàálù ń lò lókè. Ìgbéra gan-an ló máa ń dá dúró, nítorí awakọ̀ gbọ́dọ̀ rí ojú ọ̀nà dé ìwọ̀n kan. Ọ̀pọ̀ pápákọ̀ kéékèèké kì í sì í gba bàálù tí ilẹ̀ bá ti ṣú, nítorí náà ìdádúró tó bá wọ ìrọ̀lẹ́ lè di ti ọjọ́ kejì. Bàálù ọ̀sán ni kí ẹ mú, kí ẹ sì béèrè àga tó wà létí ọ̀nà àárín, kí màmá lè máa dìde na ẹsẹ̀.