Ọmọ mi ọdún 14 ń gbaná jẹ, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Aládìrẹ, Ìtòkú
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Ọmọkùnrin mi yìí, òun ló máa ń bá mi ká aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù, tí á máa kọrin. Ní báyìí, ọ̀rọ̀ kékeré, inú ti bí i. Lánàá mo ní kó fi fóònù sílẹ̀ kó wá jẹun. Ó ju fóònù mọ́lẹ̀, ó jágbe mọ́ mi, ó ti ilẹ̀kùn gbàà. Nígbà tó ṣe, mo bá a lẹ́yìnkùlé tó ń sunkún, ó ní òun ò mọ ohun tó ṣe òun. Ṣé ọwọ́ ayé ni, àbí ọjọ́ orí?

Bàbá Aké
Ọmọ mi, ẹgba ni wọ́n fi tọ́ wa. Ẹni tó ju fóònù lónìí á ju àwo lọ́la.

Nọ́ọ̀sì Ọbáńtòkó
Bàbá, ẹ má bínú sí mi. Ẹgba á kàn fi ìbẹ̀rù kún ohun tó wà nílẹ̀ ni.

Màmá, kì í ṣe ọwọ́ ayé. Ọpọlọ rẹ̀ ló ń dàgbà lọ́wọ́, gbogbo apá rẹ̀ kì í sì í gbó pọ̀. Apá tó ń ru ìbínú àti ìbẹ̀rù sókè, tí wọ́n ń pè ní amygdala, máa ń gbóná gan-an nígbà ìbàlágà. Apá iwájú, tó ń sọ pé "dúró ná, rò ó wò", ló ń gbẹ̀yìn. Èèyàn á tó nǹkan bí ọmọ ọdún 25 kí apá iwájú yìí tó gbó tán. Ẹkún ẹ̀yìnkùlé yẹn wú mi lórí: apá iwájú ti ń ṣiṣẹ́, ó kàn pẹ́ dé ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ aṣọ kúkú mọ̀ pé ẹ kì í rì í sínú aró lẹ́ẹ̀kan kó dúdú. Ẹ ó rì í, ẹ ó fà á yọ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i, ẹ ó tún rì í. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ ṣe ń kọ́ ìkóra-ẹni-níjàánu. Bó bá ń bínú lọ́wọ́, ẹ rẹ ohùn yín sílẹ̀, ẹ má bá a rojọ́. Tó bá rọlẹ̀, ẹ bi í: ìbínú ni, ìtìjú ni, àbí ebi? Téèyàn bá fẹnu ara rẹ̀ dárúkọ ohun tó ń ṣe é, ara máa ń balẹ̀.

Àmọ́ bí ìbànújẹ́ bá lé ní ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí tó ń sọ pé ayé sú òun, ẹ má wo ẹnu aráyé, ẹ gbé e lọ sí Àrò, ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ ní Abẹ́òkúta. Ìtọ́jú ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀.

Tísà Pánṣẹ́kẹ
Ẹ wo oorun rẹ̀ náà. Ọmọ ọdún 13 sí 18 nílò wákàtí 8 sí 10. Oorun kì í tètè kùn wọ́n lálẹ́ lọ́jọ́ orí yẹn, aago 5 la sì ń jí wọn.

Bàbá Aké
Mo gbọ́ o, nọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n kó bá wọn dá sí owó àtúnṣe fóònù yẹn.

Nọ́ọ̀sì Ọbáńtòkó
Bàbá, mo fara mọ́ ọn.

Ìyá Aládìrẹ, Ìtòkú
Ẹ ṣeun gan-an. Lálẹ́ àná mo lọ jókòó tì í, mi ò sọ nǹkan kan. Ó pẹ́ kó tó lanu. Ó ní wọ́n ń fi ohùn òun tó ń yí padà ṣe yẹ̀yẹ́ nílé ìwé. Ìtìjú ni, ẹ̀yin ará wa.