Ẹ̀yin tí ẹ gbé nítòsí bárékè ológun òfurufú Ìkẹjà, ẹ wá rò fún wa

Ọmọ Ṣógúnlẹ̀: Àwọn ọmọ ìsinsìnyí rò pé torí àwa tó ń wọ bàálù ni wọ́n ṣe la pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà. Irọ́ o. Ìgbà ogun Hítílà ni Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ọ. Ilé ńlá tí wọ́n fi orúkọ Murtala pè, 1979 ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí. Títí dòní, sójà òfurufú ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Ta ló gbé àdúgbò yẹn rí?

Ìyá Ìbejì: Èmi. Bí bàálù bá ń kọjá, gbogbo wa á dá ọ̀rọ̀ dúró títí á fi lọ. Ariwo yẹn ti mọ́ mi lára débi pé, bí mo bá ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù báyìí, ohùn mi á ròkè, ọkọ mi á ní ta ni mò ń bá jà.

Àlàbí: 😂😂😂

Bàbá Àgbà Muṣin: Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ń ru ẹrù ní pápákọ̀ yẹn ní July 1966, nígbà tí àwọn sójà Òkè Ọya dìtẹ̀ gbàjọba. Ó dé ibi iṣẹ́ láàárọ̀, sójà ló bá lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ti gba bàálù VC10 àwọn òyìnbó, wọ́n ní kó kó ìyàwó àti ọmọ àwọn ará Òkè Ọya lọ sí Kánò. Ẹsẹ̀ ló fi sáré dé Muṣin. Kẹ̀kẹ́ Raleigh rẹ̀ ló gbàgbé síbẹ̀. Títí tó fi kú, kò dákẹ́ lórí kẹ̀kẹ́ yẹn.

Túndé Alágbàdo: Ìjọba dojú dé, kẹ̀kẹ́ ló ń dùn ún?

Bàbá Àgbà Muṣin: Ṣé o mọ iye tí wọ́n ń ta Raleigh nígbà náà ni?

Ará Èjìgbò: Ẹ fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ ná. Sátidé, 26 September 1992. Mo ń sá aṣọ. C-130, bàálù ńlá àwọn ológun, gbéra ní Ìkẹjà, mo rí i tó fò lọ sílẹ̀ jù, tó fì sí apá kan. Mo ní "Jésù", mo sì ń sá aṣọ mi lọ, bàálù ti mọ́ wa lára. Àfi gbì! Inú àbàtà ló já sí. Àwọn ọ̀gá sójà tó lé ní 150 ló wà nínú rẹ̀, ti ilẹ̀, ti omi, ti òfurufú. Ẹnì kan ò yè é.

Fọláké: Ẹ̀gbọ́n, ẹ rán mi létí. Ọmọ méjì ní kíláàsì wa ò wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Tíṣà ò sọ nǹkan kan. Nígbà tó yá, wọ́n gbé àga wọn kúrò.

Ìyá Ìbejì: Háà. Fọláké, pẹ̀lẹ́.

Túndé Alágbàdo: Àbí ti bọ́ǹbù tó bú ní bárékè yẹn ni? Oṣòdì ni mo wà.

Ọmọ Ṣógúnlẹ̀: Rárá o. Kántónmẹ́ǹtì sójà ilẹ̀ ní Ìkẹjà nìyẹn, 27 January 2002. Ẹ má pa wọ́n pọ̀.

Túndé Alágbàdo: Ẹni tó ń sáré ò bi bárékè léèrè orúkọ.

Ará Èjìgbò: Àwọn tó sá fún bọ́ǹbù náà ló kó sínú kánáàlì Òkè-Àfà. Kò jìnnà sí ibi tí C-130 já sí. Apá ibí yìí kan náà.

Àlàbí: Bàbá Àgbà, kẹ̀kẹ́ yẹn, àwọ̀ wo ni?

Bàbá Àgbà Muṣin: Dúdú ni. Ó ní iná níwájú.