Ṣé kí n fi bàálù èrò sílẹ̀ lọ máa wa bàálù ẹrù? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ Ìbàdàn ní Houston

Ẹ kú àsìkò yìí o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi. Ọ̀rọ̀ kan ti ń gbé mi lọ́kàn láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo sì mọ̀ pé àwọn tó ti gba ọ̀nà náà kọjá wà láàárín wa.

Ẹni ọdún 34 ni mí. Igbákejì awakọ̀ ni mí ní iléeṣẹ́ bàálù èrò kan tó ń ná àwọn ìlú kéékèèké níbí. Embraer 175 là ń wa, èrò 76 ló ń gbà. Wákàtí tí mo ti fò ti lé ní 2,400. Iléeṣẹ́ akẹ́rù kan wá pè mí báyìí pé kí n wá máa wa Boeing 767. Mi ò ní dárúkọ wọn. Wọ́n ní ọjọ́ 17 ni màá máa ṣiṣẹ́ lóṣù, kí n fi ìyókù jókòó sílé, àti pé àwọn ni yóò máa ra tíkẹ́ẹ̀tì tí yóò gbé mi láti Houston dé ibi tí bàálù bá wà. Owó tí wọ́n dá lé e ju ohun tí mò ń gbà lọ dáadáa. Níbi tí mo wà yìí, wọ́n ní ó ku bí oṣù mẹ́jọ kí n di ọ̀gá awakọ̀, àwọn iléeṣẹ́ èrò ńlá sì lè pè mí lẹ́yìn ìyẹn. "Lè" ni mo sọ o, torí ọdún kan rèé tí mo ti ń kọ̀wé sí wọn.

Nọ́ọ̀sì ni ìyàwó mi, òun náà a máa ṣiṣẹ́ òru. Ọmọ wa jẹ́ méjì, ọ̀kan jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà, èkejì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta. Nígbà tí màmá mi gbọ́ ní Ìbàdàn, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ sọ ni pé, "Ẹrù kẹ̀? Ṣé torí kó o lè máa ru ẹrù la ṣe ta ilẹ̀ bàbá rẹ?" Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló mú wọn sọ ọ́, àmọ́ ó wọ̀ mí lára.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi òru kó ẹrù, báwo lara yín? Ṣé ìgbéga wà níbẹ̀? Ṣé ẹ tún lè padà sídìí èrò bó bá wù yín? Ẹ bá mi sọ òótọ́.

Ẹ̀gbọ́n Akẹ́rù

Àbúrò mi, o kú ìrònú. Ọdún 19 ni mo ti lò nídìí ẹrù, mi ò sì kábàámọ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí àwọn tó pè ọ́ yẹn kò ní fẹnu kàn.

Òfin ìsinmi awakọ̀ ní Amẹ́ríkà níbí, tí wọ́n ń pè ní Part 117, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 2014, awakọ̀ èrò ló wà fún. Wọ́n yọ akẹ́rù kúrò nínú rẹ̀, àfi iléeṣẹ́ tó bá fúnra rẹ̀ gbà láti tẹ̀ lé e. Níbi tó o wà báyìí, dandan ni kí wọ́n fún ọ ní ìsinmi wákàtí 10 kó o tó padà sẹ́nu iṣẹ́, kí àyè wákàtí 8 oorun sì wà nínú rẹ̀. Bó bá jẹ́ òru lo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, wákàtí tí wọ́n lè fi lò ọ́ á dín kù. Bó o bá bọ́ sọ́dọ̀ wa, òfin àtijọ́ lo bọ́ sí, ohun tó bá kù di ọwọ́ àdéhùn tí ẹgbẹ́ awakọ̀ bá iléeṣẹ́ náà ṣe. Nítorí náà, ìwé àdéhùn yẹn ni kó o kọ́kọ́ kà kó o tó wo iye owó.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Lọ́jọ́ 14 oṣù kẹjọ ọdún 2013, bàálù ẹrù UPS 1354, Airbus A300, já kó tó dé ojú pápá ní Birmingham, ìpínlẹ̀ Alabama, nígbà tí ilẹ̀ ò tíì mọ́. Awakọ̀ méjèèjì ló kú. Àwọn tó ṣèwádìí rẹ̀ ka àárẹ̀ mọ́ ohun tó dá kún un. Nínú ohùn wọn tí ẹ̀rọ gbà sílẹ̀ lóru ọjọ́ yẹn, ọ̀rọ̀ òfin ìsinmi yìí gan-an ni wọ́n ń bára wọn sọ.

Jẹ́ kí n sọ bí òru ṣe ń rí. Wàá balẹ̀ sí ibùdó ẹrù ní nǹkan bí aago méjìlá òru. Iná bàálù tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ á tò lọ lójú ọ̀run bí ìgbà tí wọ́n so wọ́n mọ́ okùn kan. Wọ́n á já ẹrù, wọ́n á máa pín in, ìwọ á lọ sí yàrá kan tó ṣókùnkùn, wàá na ẹsẹ̀ lórí àga, wàá gbé fóònù lé àyà kó lè jí ọ. Ní aago mẹ́ta ààbọ̀ ó ti dún. Ẹnu rẹ á gbẹ, ojú rẹ á máa ta ọ́, bàálù ti kún, ó sì yá. Ìgbà tó o bá fi máa dé hòtẹ́ẹ̀lì, oòrùn ti yọ. Èmi máa ń mú hángà aṣọ tó wà nínú yàrá, èyí tó ní ohun tí wọ́n fi ń gbá ṣòkòtò mú, òun ni mo fi ń há ẹnu kọ́tìnnì méjèèjì pọ̀ kí ìmọ́lẹ̀ má ráyè wọlé. Ọdún 19 rèé, hángà yẹn ni mo ṣì kọ́kọ́ ń wá bí mo bá ti wọ yàrá.

Wá igbákejì awakọ̀ kan tó ti lo ọdún méjì níbẹ̀, kó fi ìwé iṣẹ́ rẹ̀ ti oṣù mẹ́ta hàn ọ́. Ka iye òru tó wà nínú ọjọ́ 17 yẹn. Wo iye ìgbà tí wọ́n yí i láti òru sí ọ̀sán, kí wọ́n tún tó dá a padà sí òru láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Yíyí yẹn ló ń pa èèyàn ju òru fúnra rẹ̀ lọ.

Ará Louisville

Ẹ̀gbọ́n, mo gbà fún yín lórí ọ̀rọ̀ oorun, àmọ́ ẹ má jẹ́ kí àbúrò yìí rò pé bákan náà ni gbogbo akẹ́rù. Èmi wà ní ọ̀kan nínú àwọn ńlá, ọdún kejìlá mi rèé. Ẹgbẹ́ wa lágbára, owó wa kò kéré sí ti àwọn tó ń kó èrò lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, owó ìfẹ̀yìntì wa dúró ire. Mo máa ń lọ ọ̀sẹ̀ kan, mo máa ń wà nílé ọ̀sẹ̀ kan. Èmi ni mò ń mú ọmọ mi lọ sílé ìwé ní ọ̀sẹ̀ tí mo bá wà nílé.

Ọmọ Ìbàdàn, ohun tí èmi fẹ́ mọ̀ ni pé ta ló ni ẹrù tí wọ́n fẹ́ kí o máa kó? Ṣé iléeṣẹ́ yẹn ló ni oníbàárà rẹ̀, tàbí ńṣe ló ń fi bàálù àti awakọ̀ ṣiṣẹ́ fún oníṣòwò kan ṣoṣo? Bó bá jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo, ọjọ́ tí onítọ̀hún bá gbé ẹrù rẹ̀ lọ ibòmíràn, ẹ̀yin tẹ́ ẹ dé kẹ́yìn ni wọ́n á kọ́kọ́ dá dúró.

Ìyá Ìbejì, Maryland

Èmi kì í ṣe awakọ̀, ọkọ mi ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fetí sí mi díẹ̀.

Ọjọ́ 13 tí wọ́n ní ẹ ó máa fi sinmi yẹn, ẹ yọ mẹ́ta kúrò níbẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ tí ọkọ mi bá wọlé, ara rẹ̀ nìkan ló wọlé. Aago méjì ọ̀sán ló ń sùn, aago méjì òru ló ń jí. Mo máa ń gbọ́ ọ tó ń rọra fọ abọ́ nísàlẹ̀ nínú òkùnkùn, kò fẹ́ tan iná kó má bàa jí wa. Mi ò lè bá a wí. Àánú rẹ̀ ló máa ń ṣe mí.

Ẹ sọ pé ìyàwó yín náà ń ṣiṣẹ́ òru. Ta ni yóò wà pẹ̀lú ọmọ ọdún mẹ́ta ní òru tí ẹ̀yin méjèèjì bá jáde? Àwa ránṣẹ́ pe màmá mi láti Abẹ́òkúta, ṣùgbọ́n oṣù mẹ́fà ni wọ́n fún wọn, oṣù mẹ́fà sì pé. Ó wá di pé kí èmi fi iṣẹ́ òru sílẹ̀, owó wa sì dín kù. Ẹ bá ìyàwó yín jókòó ṣe ìṣirò yẹn kí ẹ tó fọwọ́ sí ohunkóhun.

Ohun kan ṣì kù. Ẹ̀jẹ̀ ọkọ mi ga sókè lẹ́yìn ọdún kẹfà. Bí ẹ bá ti pé 40, oṣù mẹ́fà mẹ́fà ni dókítà yóò máa yẹ̀ yín wò kí ìwé ẹ̀rí ìlera yín tó dúró. Ẹ bi wọ́n léèrè inṣọ́ránsì tó ń sanwó fún awakọ̀ tí àìsàn bá gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọmọ Zaria

Ẹ̀gbọ́n mi, mo ń kí yín láti Èkó. Ọdún kẹrin rèé tí mo ti gba ìwé àṣẹ, mi ò tíì ríṣẹ́. Àdúrà ni mò ń fi ọ̀rọ̀ yín gbà. Bí ẹ bá ráyè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ bí ẹ ṣe rí wákàtí 1,500 tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ awakọ̀ ní Amẹ́ríkà kó jọ sílẹ̀ fún àwa tó kù.

Àbúrò Kápítẹ́ẹ̀nì, Lọ́ńdọ̀nù

Ní 2020, bàálù èrò tiwa dúró sílẹ̀ ní pápá, wọ́n bo ẹnu ẹ́ńjìnnì rẹ̀, wọ́n ní kí a lọ jókòó sílé. Àwọn akẹ́rù ń fò tọ̀sán tòru nígbà yẹn. Mo jowú wọn. Nígbà tó fi máa di 2023, ẹrù ti dín kù lọ́dọ̀ tiwọn náà. FedEx sọ fún àwọn awakọ̀ rẹ̀ pé àyè wà fún ẹni tó bá fẹ́ lọ sí PSA, iléeṣẹ́ èrò kékeré lábẹ́ American Airlines. UPS náà ya owó sọ́tọ̀ fún awakọ̀ tó bá gbà láti tètè lọ. Ẹ má fi bí ẹrù ṣe pọ̀ tàbí bó ṣe kéré lọ́dún yìí ṣe ìpinnu ọdún 31 tó kù kí ẹ tó pé 65, ọjọ́ orí tí òfin ní kí awakọ̀ iléeṣẹ́ bàálù fẹ̀yìn tì.

Ará Dallas

Ìwé ìrìnnà wo lò ń lò? Mi ò rí ẹni tó bi ọ́.

Ọmọ Ìbàdàn ní Houston

Ti Nàìjíríà ni, ẹ̀gbọ́n. Mo ní green card. Mo ti kọ̀wé fún ìwé ọmọ ìlú, mò ń retí ọjọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò.

Ará Dallas

Hẹ̀n-ẹ́n. Ibẹ̀ ni kó o ti bẹ̀rẹ̀. Bó o bá ń kó èrò láti Houston lọ sí Tulsa, kò sẹ́ni tó ń bi ọ́ ní físà. Akẹ́rù lè ní kí o wọ bàálù èrò lọ bá bàálù ẹrù ní Köln tàbí Leipzig, ní Jámánì. Arìnrìn-àjò lo jẹ́ lọ́jọ́ yẹn, wọ́n á sì bi ọ́ ní físà. Ti Ṣáínà tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú àwọn ohun tí iléeṣẹ́ akẹ́rù tó ń lọ sókè òkun ń béèrè ni pé kí awakọ̀ lè wọ gbogbo ìlú tí wọ́n ń ná.

Èmi ò bèèrè. Iléeṣẹ́ kan gbà mí síṣẹ́, mo fi ibi tí mo wà sílẹ̀, nọ́ńbà àgbà mi, ìyẹn ipò mi láàárín awakọ̀ ibẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ tí mo wọṣẹ́, sì lọ. Mo kẹ́kọ̀ọ́ nínú símúlétọ̀, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń dán wíwa bàálù wò lórí ilẹ̀, tán, wọ́n wá ní mi ò ní wúlò tó lórí ìwé ìrìnnà yẹn. Nígbà tí mo fẹ́ kúrò, wọ́n gbé ìwé tí mo ti fọwọ́ sí jáde pé bí mi ò bá lo ọdún méjì, màá dá owó ìdálẹ́kọ̀ọ́ padà. Ọdún kan ààbọ̀ ni mo fi san án. Níbi tí mo padà sí, ẹni tó kẹ́yìn pátápátá ni mo jẹ́, lábẹ́ àwọn ọmọ tí mo ti kọ́ níṣẹ́.

Ẹ̀gbọ́n Akẹ́rù

Ará Dallas, ẹ pẹ̀lẹ́. Èmi gan-an gbàgbé ìwé ìrìnnà, torí ó ti pẹ́ tí mo ti gba ti ibí.

Ọmọ Ìbàdàn, ọ̀rọ̀ nọ́ńbà tí wọ́n sọ yẹn ni kó o dì mú. Ọjọ́ tó o bá wọlé ni nọ́ńbà rẹ ti bẹ̀rẹ̀, òun ló ń sọ ìlú tí wàá ti máa gbéra, bàálù tí wàá wa, ìgbà tí wàá gba ìsinmi ọdún, àti ẹni tí wọ́n á kọ́kọ́ dá dúró. Kò sí iléeṣẹ́ tó ń gbé nọ́ńbà ibòmíràn wọlé. Bó o bá fẹ́ kúrò níbi kan, kúrò lẹ́ẹ̀kan, kó sì jẹ́ síbi tó o lè dúró sí títí di 65.

Ní ti màmá rẹ, bó o bá ti dé ìdí bàálù ńlá lọ́jọ́ kan, pè wọ́n lórí fídíò, kí wọ́n rí taya rẹ̀. Ohun tí mo ṣe fún ìyá tèmi nìyẹn. Wọn ò tún sọ̀rọ̀ ẹrù mọ́.

Ọmọ Ìbàdàn ní Houston

Ẹ ṣeun gan-an ni, gbogbo yín. Mo pe iléeṣẹ́ náà lánàá. Mo bi wọ́n ní ìwé ìrìnnà, ẹni tó gbé fóònù dákẹ́ díẹ̀, ó ní kí n fi orúkọ mi sílẹ̀ títí màá fi gba ìwé ọmọ ìlú, ṣùgbọ́n òun kò lè ṣèlérí pé àyè á ṣì wà. Mo rí igbákejì awakọ̀ kan níbẹ̀ tó fi ìwé iṣẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Nínú ọjọ́ 17, òru 12 ló wà níbẹ̀, wọ́n sì yí i lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Ìyàwó mi lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fíríìjì, ó fi bírò pupa fa ìlà yí àwọn òru tí òun náà wà níṣẹ́ ká. Òru méje ni kò ní sí ẹnikẹ́ni nílé.

Màá dúró di ọ̀gá awakọ̀ níbi tí mo wà. Bí ìwé ọmọ ìlú bá jáde, àwọn ńlá bíi ti Ará Louisville ni màá kọ̀wé sí, ẹrù tàbí èrò. Ọmọ Zaria, màá kọ ti wákàtí 1,500 yẹn lọ́jọ́ Sátidé, mi ò ní gbàgbé.

Ẹ̀gbọ́n Akẹ́rù, mo ti fi nọ́ńbà fóònù mi ránṣẹ́ sí yín. Mo ṣì ní ìbéèrè lórí ìwé àdéhùn. Nínú èsì tí ẹ fi ránṣẹ́, ẹ ní Anchorage, ní Alaska, lẹ ti ń bọ̀ lónìí. Ẹ kọ́kọ́ sùn dáadáa kí ẹ tó pè mí. Ìyàwó mi máa wà níṣẹ́ lálẹ́ ọ̀la, èmi àti àwọn ọmọ la ó wà nílé.