Ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo lè fi rọ́pò yuréníọ̀mù nínú iṣẹ́ yìí?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Abẹ́òkúta ni mo wà, mò ń ṣe másítà nínú kẹ́mísírì. Mo fẹ́ mọ bí omi ṣe ń jẹ fúẹ́lì núkílíà tí wọ́n ti lò tán, tí púpọ̀ jù nínú rẹ̀ jẹ́ UO₂ (yuréníọ̀mù tó so mọ́ ọ́síjìn). Ní Finland, inú àpáta ni wọ́n gbẹ́ Onkalo sí láti fi sin ín. Àwa ọmọ abẹ́ Olúmọ náà mọ nǹkan tí wọ́n ń pè ní àpáta!

Bí kò bá sí ọ́síjìn nínú omi, UO₂ kì í fẹ́ẹ́ yọ́ rárá. Bí ọ́síjìn bá ti wọ̀ ọ́, yuréníọ̀mù á kúrò ní ipò IV (tó ti pàdánù ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù mẹ́rin), á di VI (mẹ́fà), á wá máa yọ́ sómi. Àísótòópù, ìyẹn ẹ̀yà ohun kan náà tí ìwọ̀n átọ́ọ̀mù rẹ̀ yàtọ̀, ni àwọn tó lówó fi ń sàmì sí i, kí wọ́n lè dá èyí tó yọ́ mọ̀ yàtọ̀ sí èyí tó ti wà nínú omi tẹ́lẹ̀.

Ọ̀gá mi ní kí n lo CeO₂ (séríọ̀mù, Ce, tó so mọ́ ọ́síjìn) dípò UO₂, torí kírísítálì wọn jọra. Ó dáa, èmi náà ò fẹ́ wàhálà ìwé àṣẹ. Ṣùgbọ́n Ce kì í dé VI, ibẹ̀ gan-an sì lọ̀rọ̀ wà.

Mo ti fi irin dán an wò, torí ọ́síjìn inú omi máa ń jẹ òun náà: mo rẹ ìṣó sínú omi kànga wa. Lọ́jọ́ kẹta, omi inú ìgò kan ti pọ́n bí epo. Èyí tí mo kọ́kọ́ se omi rẹ̀, tí mo sì dé pinpin, ṣì mọ́.

Ṣé kí n kúkú dúró sórí irin, kí n ra omi ọ́síjìn-18 (omi tí ọ́síjìn inú rẹ̀ jẹ́ àísótòópù tó wúwo) díẹ̀ láti fi sàmì? Ta ló mọ ibi tí wọ́n ti lè bá mi wọ̀n ọ́n ní Nàìjíríà?